Bí ẹ ṣe lè gba oyè Masters tàbí PhD nínú ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn, láti orí ìbéèrè dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n

"Mo fẹ́ ṣe Masters nínú criminology, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ẹnì kan má bi mí ní ìbéèrè yìí. Ọlọ́pàá wà nínú wọn, wọ́dà wà, lọ́yà wà, àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti sanwó fọ́ọ̀mù tán kí wọ́n tó béèrè. Ìdí nìyí tí mo fi tò ó síbí lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti bí a ṣe ń mú olè. Ohun tó ń mú kí ènìyàn rú òfin, ohun tí ìjọba ń ṣe fún ẹni tó rú u, àti bóyá ohun tí ìjọba ń ṣe náà ń so èso kankan, ìyẹn là ń kọ́. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìka ọwọ́ ló wù yín, forensic science ni ẹ ń wá, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ló sì wà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa gba ẹjọ́ rò, òfin ni kí ẹ lọ kọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ìbéèrè yín kí ẹ tó wá yunifásítì

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Máàkì yín ni yóò mú kí wọ́n ka fọ́ọ̀mù yín, ṣùgbọ́n àwọn tó ní irú máàkì bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí omi. Ohun tí ẹ fẹ́ wádìí ni wọ́n máa fi dá yín mọ̀ láàárín wọn. Òun náà ni yóò sọ irú oyè tó yẹ yín, orílẹ̀-èdè tó yẹ kí ẹ lọ, àti olùkọ́ tó yẹ kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹni tí kò bá ní ìbéèrè yóò máa yí kọ́ọ̀sì kiri ni.

1. Ẹ kọ ohun tó ń ká yín lára sílẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo.
2. Ẹ fún un ní ààlà: ibo ni, àwọn wo ni, láti ìgbà wo sí ìgbà wo?
3. Ẹ bi ara yín pé ta ló máa fún mi ní ìdáhùn, ṣé mo sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?
4. Ẹ kà á sí etí ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bíi akọ̀wé kóòtù tàbí wọ́dà tó ti fẹ̀yìn tì. Bó bá ní "a ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀," ẹ padà sí orí tábìlì.

Ẹ wo mẹ́ta yìí:

- "Ìwà ọ̀daràn láàárín àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà." Ó fẹ̀ jù. Ọdún mẹ́wàá kò tó o.
- "Bí Amọ̀tẹ́kùn bá mú afurasí ní Ìbàràpá, báwo ni wọ́n ṣe ń fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kí ló sì ń fa èdè àìyedè láàárín wọn?" Ó dára. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n ṣí Amọ̀tẹ́kùn, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín lè tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.
- "Láàárín ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìdigunjalè kàn wá sí kóòtù májísíréètì Ìyágankú n'Ìbàdàn, àti ìgbà tí ìmọ̀ràn DPP (ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń rí sí ẹjọ́ ọ̀daràn) bá dé, ibo gan-an ni fáìlì ń há sí?" Èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Májísíréètì kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìdigunjalè, nítorí náà ó máa ń ní kí wọ́n lọ fi afurasí pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí tí ọ́fíìsì DPP yóò fi sọ bóyá ẹjọ́ wà ńlẹ̀ tàbí kò sí. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, tí wọ́n ń pè ní ACJA, ti ọdún 2015, sọ pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ ju ọjọ́ 14 lọ, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ní òfin tiwọn. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lẹ́wọ̀n Nàìjíríà ni adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi ohunkóhun. Òfin ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ènìyàn sì ń jókòó sí àhámọ́ lọ́dún mélòó kan. Ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí hàn wá pé orí tábìlì báyìí ni fáìlì ń sùn sí ti ṣe iṣẹ́ ńlá, kò sì nílò ju kóòtù kan lọ láti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan nípa Yahoo. Àkọlé tí mo ń rí jù ni "ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe Yahoo," ìdáhùn rẹ̀ sì ti di àkọ́sórí: òṣì, ọ̀rẹ́ burúkú, àìríṣẹ́. Ó ti sú àwọn olùkọ́. Bó bá jẹ́ pé òun náà ló ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ wo àwọn ẹjọ́ tí EFCC fi plea bargain parí, ìyẹn àdéhùn tí afurasí fi ń gbà pé òun jẹ̀bi kí ìjìyà rẹ̀ lè fúyẹ́: irú ìjìyà wo ni adájọ́ ń fún wọn, kí ló sì ń kan ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì? Àkọsílẹ̀ kóòtù lẹ máa lò. Kò sídìí tí ẹ ó fi máa lé àwọn ọmọ náà ká ìgboro.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ irú oyè tó yẹ yín

- Ẹ ní HND tàbí third class. PGD, ìyẹn dípúlómà tí a ń kà ṣáájú Masters, ni ọ̀nà yín ní Nàìjíríà. Kí ẹ tó wọlé, ẹ béèrè máàkì tí wọ́n máa ń fẹ́ nínú PGD kí wọ́n tó gba ènìyàn sí Masters.
- Ẹ ní second class nínú sociology, psychology, òfin, political science tàbí social work. Ẹ lè lọ sí MSc tààrà. Ẹni tó ka nǹkan mìíràn náà lè wọlé ní ibi púpọ̀, bó bá lè ṣàlàyé ohun tó gbé e wá.
- Ẹ ti ní Masters. Ní Nàìjíríà, máàkì Masters yín ló máa sọ bóyá PhD tààrà ni, MPhil/PhD ni, tàbí MPhil nìkan. Àárín Masters àti PhD ni MPhil wà.

Ẹ ṣọ́ra níbí: kì í ṣe gbogbo Masters ló ń gbé ènìyàn dé PhD. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, "academic" yàtọ̀ sí "professional," ti professional kì í sì sábà ṣí ilẹ̀kùn PhD. Mo mọ obìnrin kan, ọ̀gá ọlọ́pàá ni, tó ka professional tán kó tó mọ̀. Masters mìíràn ló tún lọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ìwé dá yín lóhùn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan ibi tí ẹ máa kà á

*Nàìjíríà.* Bí ẹ kò bá rí "Criminology" lórí àtẹ Masters ní UI, UNILAG tàbí OAU, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ Sociology, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí máa ń fara pamọ́ sí ní ilẹ̀ wa. Ẹ ka orúkọ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀. NOUN, yunifásítì ìjọba tí ènìyàn lè ti ilé kà, ní ẹ̀ka Criminology and Security Studies tirẹ̀, ó sì rọrùn fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá ọlọ́pàá àti wọ́dà tí wọ́n lè gbé lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn nígbàkigbà. Fún Masters ní yunifásítì ìjọba, ẹ fi ọdún méjì sọ́kàn, kódà bí ìwé wọn bá sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ ti ilé, ilé ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ti ṣe Masters. Fáìlì Ìyágankú kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù.

*Ìlú Ọba.* Ọdún kan ni Masters wọn. Cambridge ní ilé-ẹ̀kọ́ criminology láti ọdún 1959, Oxford náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ ńlá nìkan yàn. Leicester, Manchester, Leeds àti Portsmouth náà ń kọ́ ọ dáadáa. Nǹkan méjì tí àwọn ènìyàn wa kì í tètè mọ̀:

- Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tó lọ ka Masters tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì kò lè fi físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. PhD ṣì wà lára àwọn tó láàyè náà. Ẹ bá ìdílé yín sọ ọ́ kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù.
- Ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn ń gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC tàbí NECO lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà dípò IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi ímeèlì béèrè kí ẹ tó náwó ìdánwò.

*Amẹ́ríkà.* Ibí ni PhD ti dára jù lójú tèmi, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló máa ń dárí owó ilé-ẹ̀kọ́ ji akẹ́kọ̀ọ́ PhD, tí wọ́n á tún máa fún un lówó oṣù bó ṣe ń ran olùkọ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń béèrè Masters. Ẹ wo Maryland, Albany, Florida State, Michigan State, Rutgers ní Newark, àti John Jay ní New York. Masters tiwọn yàtọ̀: ẹni tó ń kà á ló sábà máa ń sanwó ara rẹ̀. Oṣù Kejìlá sí àárín oṣù Kìn-ín-ní ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù PhD máa ń tì, ẹni tí wọ́n bá fún lówó sì sábà máa ń ní títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin láti dáhùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín láti fọwọ́ sí i ṣáájú ọjọ́ yẹn. Àmọ́ láti ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà ti ń fún okùn físà mọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ́rùn. Ẹ ka òfin tó wà ńlẹ̀ lórí ìkànnì ẹ́ḿbásì wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ sanwó gan-an.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tètè lé ìwé yín

Transcript, ìwé tó to gbogbo máàkì yín ní yunifásítì, ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Tèmi gba oṣù márùn-ún, mo sì lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó fi máa dé, fọ́ọ̀mù ọdún yẹn ti tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú, kí ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, torí ibi púpọ̀ ní òkè òkun máa ń kọ́kọ́ gba ẹ̀dà yẹn.

Kí ẹ ní gbogbo èyí lọ́wọ́:

- ìwé ẹ̀rí dìgírì àti transcript
- WAEC tàbí NECO
- ìwé ẹ̀rí NYSC, tàbí èyí tó yọ yín sílẹ̀
- páásípọ́ọ̀tù tí kò ní parí láìpẹ́
- olùjẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ olùkọ́ tó kọ́ yín
- CV ojú ewé méjì

Ẹ to gbogbo orúkọ tó wà lórí wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí "Oluwaseun" bá wà lórí dìgírì tí "Seun" wà lórí páásípọ́ọ̀tù, tàbí tí orúkọ ọkọ ti wọlé sí ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, ẹ lọ búra sí i ní kóòtù nísinsìnyí. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ́ḿbásì yóò béèrè.

Ní ti olùjẹ́rìí, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì fi CV àti ìbéèrè ìwádìí yín ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tí kò mọ iṣẹ́ yín kò lè ṣe yín láǹfààní tó olùkọ́ tó ka iṣẹ́ àṣekágbá yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ èròńgbà yín (proposal), kí ẹ sì kọ̀wé sí olùkọ́

1. Ẹ fi ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ "láti kékeré ni mo ti kórìíra ìwà ìrẹ́jẹ" kúrò.
2. Ẹ sọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti rí, àti ibi tí wọ́n fi í sílẹ̀ sí.
3. Ẹ sọ bí ẹ ṣe máa rí ìdáhùn: ìwé kóòtù ni, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni, àbí ìṣirò?
4. Ẹ sọ ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ka yẹn, kí ẹ dárúkọ olùkọ́ kan tàbí méjì àti iṣẹ́ wọn tí ẹ ti kà ní tòótọ́.

Fún PhD, ẹ kọ ímeèlì kúkúrú sí olùkọ́ náà ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú. Gbólóhùn mẹ́fà ti tó: ta ni yín, ìbéèrè yín, ohun tó pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀, àti bóyá ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́dún náà. Ẹ má fi ọ̀kan náà ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń bá ènìyàn kọ proposal gba owó. Wọ́n á béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀ lójúkojú, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiyín kò sì ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu.

Ẹ̀rù ìṣirò ń ba ọ̀pọ̀ wa. Masters gidi tí kò ní statistics ṣọ̀wọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ fi oṣù mẹ́ta kọ́ ìpìlẹ̀ SPSS tàbí R, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, ṣáájú. R kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Owó

- Chevening: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìlú Ọba ń fúnni, fún Masters ọdún kan níbẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ ìrírí iṣẹ́ wákàtí 2,800, bí ọdún méjì, kọ́ọ̀sì mẹ́ta ni ẹ máa yàn, ẹ ó sì padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ló sábà máa ń ṣí. Ọlọ́pàá, wọ́dà àti òṣìṣẹ́ NGO ní ìtàn gidi láti sọ níbẹ̀.
- Commonwealth Scholarship: fún Masters àti PhD. Ẹ ka ẹ̀ka tó kàn yín, torí ètò rẹ̀ pọ̀.
- TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó lórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga: fún olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, láti ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn.
- PTDF, àjọ ìjọba àpapọ̀ mìíràn: ẹ̀kọ́ epo rọ̀bì ni tiwọn. Ẹ má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó náà wà nínú báǹkì fún ọjọ́ 28 gbáko láìdín. Bó bá dín náírà kan lọ́jọ́ kan, ọjọ́ kíkà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi owó ìlera kún un, £776 lọ́dún, àti àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àwọn kan máa ń ní àwọn á bá yín ṣe ìwé báǹkì. Ẹ sá fún wọn: bí àṣírí bá tú, Ìlú Ọba lè tilẹ̀kùn mọ́ yín fún ọdún mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ìwádìí yín bá gbé yín dé ọgbà ẹ̀wọ̀n

Èyí ni wọn kì í sọ fún yín ní ọjọ́ ìgbaniwọlé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń dẹnu kọlẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ethics yunifásítì yín, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohunkóhun tí ẹ bá gbà sílẹ̀ ṣáájú ìwé yẹn kò ṣeé lò.
2. Ẹ kọ̀wé sí Controller àjọ Correctional Service ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹ fi ìwé ethics, lẹ́tà ẹ̀ka yín àti gbogbo ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi àwọn ẹlẹ́wọ̀n mọ́ ọn. Wọ́n lè fi í ránṣẹ́ sí Àbújá, nítorí náà ẹ ka oṣù, ẹ má ka ọ̀sẹ̀.
3. Nínú lẹ́tà yín, ẹ lo orúkọ tí òfin ọdún 2019 fún wọn. Lẹ́tà tó ṣì ń pè wọ́n ní Prisons ń sọ fún wọn pé ẹ kò ka òfin tí ẹ fẹ́ wádìí.
4. Ẹ múra láti fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀. Ẹ má retí pé wọ́n á jẹ́ kí fóònù bá yín wọlé.
5. Ẹ bi ara yín ohun tí ẹ máa ṣe bí wọ́dà bá dúró ti yín. Bí ìdáhùn kan bá lè kó bá ẹni tó sọ ọ́, ẹ yọ ìbéèrè náà.

Ẹni tó wà ní àhámọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti sọ pé rárá. Nítorí náà, bó bá tiẹ̀ ti gbà, ẹ tún bi í láàárín ọ̀rọ̀ bóyá ó ṣì fẹ́ máa bá a lọ. Ẹ má kọ orúkọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe bi ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí pé "ṣé o ṣe é?" Kóòtù lè ní kí ẹ kó ìwé yín wá, ọ̀rọ̀ tó fi inú kan sọ fún yín á wá di ẹ̀rí tí wọ́n fi dè é.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, ọkùnrin kan bẹ̀ mí pé kí n bá òun pe ìyá òun. Mo gba nọ́ńbà náà, mo sì ṣe ìlérí. Nígbà tí mo pè, fóònù kò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń wo ojú mi bí mo bá ti ń wọlé. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe ni kí n mọ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ibẹ̀ àti ọ́fíìsì Legal Aid Council ìpínlẹ̀ náà ṣáájú, kí n lè sọ fún un ẹni tó yẹ kí ó bá sọ̀rọ̀. Ẹ wá àwọn méjèèjì kí ẹ tó wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bí wọn kò bá fún yín láṣẹ, iṣẹ́ kò tíì bàjẹ́:

- ẹni tó ti jáde lẹ́wọ̀n, láti ọ̀dọ̀ NGO tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́
- jíjókòó nínú kóòtù, torí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún aráàlú lọ́pọ̀ ìgbà
- Afrobarometer, tó ń bi àwọn ọmọ Áfíríkà léèrè nípa ìgbẹ́kẹ̀lé wọn nínú ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ sì ni
- àwọn ìwádìí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, lórí ìwà ọ̀daràn àti rìbá
- ICPSR ní Yunifásítì Michigan, àti UK Data Service, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkójọ ìwádìí àwọn ẹlòmíràn sí, bí ẹ bá fẹ́ fi ilẹ̀ wa wé ti òkè òkun

Nígbà tí ẹ bá gbèjà iṣẹ́ yín tán, ẹ tẹ ẹ̀dà méjì sí i. Ẹ mú ọ̀kan lọ fún ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí kóòtù tó gbà yín láàyè, kí ẹ kọ ojú ewé kan ṣoṣo lé e lórí tó sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ fi èkejì sílẹ̀ ní yàrá ìkàwé ẹ̀ka yín, kí ẹni tó fẹ́ wádìí ibẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí i kà.